Cabaret ní Broadway: bí eré tí wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ dá lọ́lá ṣe jẹ mílíọ̀nù 26 dọ́là mọ́lẹ̀

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ni wọ́n ṣe eré olórin Cabaret kẹ́yìn ní gbọ̀ngàn August Wilson, òpópónà 52 ní Manhattan, ìlú New York. Láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti ṣí i, wọ́n ti ṣe é ní nǹkan bí ìgbà 590. Fún ẹni tí kò mọ òwò Broadway, ìyẹn àwọn gbọ̀ngàn eré ńlá ìlú New York, ọdún kan àtoṣù márùn-ún lè jọ ohun tó dára. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 26 dọ́là ni ètò ìnáwó tí wọ́n fi gbé eré náà dìde, àwọn tó dá owó náà kò sì rí ojú owó wọn, ká má tíì wá sọ èrè.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí yẹ fún àyẹ̀wò ni pé lọ́jọ́ tí ti New York kógbá wọlé, eré yìí kan náà ṣì ń lọ ní London. Olùdarí kan náà ló ṣe é, ẹni kan náà ló ṣètò ìtàgé àti aṣọ, ó sì ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́rin tó ti wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "eré náà ni kò dára" kò tíì dáhùn ìbéèrè. Lójú tiwa, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ yin eré yìí gan-an ló dí gbogbo ọ̀nà tí agbátẹrù, ìyẹn ẹni tó gbé eré dìde, máa ń sá gbà nígbà tí ọjà kò bá tà mọ́.

Irú eré tó jẹ́

John Kander ló ṣe orin rẹ̀, Fred Ebb kọ ọ̀rọ̀ orin, Joe Masteroff kọ ìtàn. Oṣù Kọkànlá ọdún 1966 ló kọ́kọ́ dé Broadway. Ìlú Berlin ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní àkókò tí àwọn Násì ń gbèrú bọ̀. Sally Bowles, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ń kọrin ní ilé fàájì tí wọ́n ń pè ní Kit Kat Club. Òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan wá wọ̀ sílé Fräulein Schneider. Herr Schultz, Júù tó ń ta èso, fẹ́ fẹ́ onílé náà. Emcee, atọ́kùn ilé fàájì, wà láàárín gbogbo wọn, ó ń dá èrò lẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ohun ẹ̀rù.

New York mọ eré yìí dáadáa, bóyá ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù. Èyí tí Sam Mendes àti Rob Marshall gbé padà ní 1998 wà lórí ìtàgé ní ìgbà 2,377 kó tó parí ní oṣù Kìíní ọdún 2004. Wọ́n tún gbé èyí náà padà ní 2014, ó sì wà títí di oṣù Kẹta 2015. Roundabout ló ṣe méjèèjì, Roundabout kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ń wá èrè: ó ní àwọn òǹwòran tó ń san owó ọdún kan kalẹ̀ ṣáájú, ó sì ní àwọn olówó tó ń ta á lọ́rẹ. Cabaret ti 2024 kò ní ìkankan nínú wọn. Owó olókòwò ni wọ́n fi ṣe é, ọdún mẹ́sàn-án péré sì ni New York fi sinmi lẹ́yìn èyí tó ti rí kẹ́yìn.

Ohun tí wọ́n ṣe sí ilé

Rebecca Frecknall ló darí ti àsìkò yìí, Tom Scutt ló ṣètò ìtàgé àti aṣọ. Ìparí ọdún 2021 ni wọ́n gbé e sí gbọ̀ngàn Playhouse ní London, nítòsí odò Thames. Wọ́n tú àga inú rẹ̀ ká, wọ́n tún un tò, ó wá kù sí nǹkan tí kò tó 600. Eddie Redmayne àti Jessie Buckley ló kọ́kọ́ kó ipa Emcee àti Sally. Nígbà tó di 2022, ó gba méje nínú àmì ẹ̀yẹ Olivier, ti eré ìtàgé London, iye tí eré olórin kankan tí wọ́n gbé padà kò tíì gbà rí nígbà náà.

Bí wọ́n ṣe ń gba òǹwòran lálejò rèé. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kì í gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Ọ̀nà tóóró ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n ń mú un gbà. Wọ́n á lẹ sítíkà mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù rẹ̀, wọ́n á sì gbé ife ọtí kékeré kan lé e lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìṣẹ́jú 75 kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ń ṣí. Ní New York, ibi ọtí mẹ́ta ni wọ́n kọ́ káàkiri inú ilé náà, àwọn oníjó àti olórin sì ń ṣeré láàárín èrò tó dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe òṣèré inú ìtàn. Ẹgbẹ́ mìíràn ni wọ́n, tó ní ìgbáradì tirẹ̀, aṣọ tirẹ̀ àti owó tirẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, ìtàgé róbótó wà láàárín, èrò jókòó yí i ká. Àwọn tó sún mọ́ ìtàgé jókòó ti tábìlì kéékèèké tó ní fìtílà lórí, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, owó tábìlì náà sì ń wọ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún dọ́là fún ẹnì kan.

Kò sí àròyé pé ó dùn ún wò. Ẹni tó bá tètè dé ti di oníbàárà Kit Kat Club kó tó mọ̀, èyí tó jẹ́ kí apá kejì eré náà gún un lọ́kàn nígbà tí àwọn Násì bá fara hàn. Àmọ́ gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí ló ní iye tó ń ná agbátẹrù, iye náà kì í sì í dín kù nítorí pé èrò kò wá.

Ibi tí owó ń gbà jáde

Ẹ jẹ́ ká fi àga bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn August Wilson máa ń gba èrò tó lé ní 1,200. Lẹ́yìn àtúnṣe, ohun tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ká ní àga 150 ló bá ìtàgé tuntun lọ. Ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣe eré Broadway lọ́sẹ̀, nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì 1,200 ni kò sí mọ́ láti tà lọ́sẹ̀. Bí a bá fi 150 dọ́là díye lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, 180,000 dọ́là nìyẹn. Agbátẹrù á ní owó tábìlì yóò dí i. Òótọ́ ni, níwọ̀n ìgbà tí tábìlì bá ń tà. Nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó tábìlì kí ó má bàa ṣófo, àga tó ti lọ kò ní padà wá.

Wákàtí iṣẹ́ ló kàn. Eré tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí ní ìṣẹ́jú 75 ṣáájú ń pe àwọn tó ń mójú tó èrò, ẹ̀ṣọ́, oníná, onímáìkì àti oníṣẹ́ aṣọ wá síbi iṣẹ́ ṣáájú àkókò tí eré mìíràn ń pè wọ́n. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bí ti ọ̀sán bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì, tó sì gba wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 45, aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n parí. Bí ti alẹ́ bá jẹ́ aago mẹ́jọ, aago méje ku ìṣẹ́jú 15 ni ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ti ṣí. Wákàtí méjì péré ló wà láàárín. Nínú rẹ̀ ni wọn yóò ti kó ife àti àwo kúrò lórí tábìlì, wọn yóò nu ilẹ̀ tí ọtí ti dà sí lórí àjà mélòó kan, wọn yóò tún ibi ọtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò, àwọn òṣèré yóò sì jẹun. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ló wà lábẹ́ àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́: àwọn òṣèré wà lábẹ́ Actors' Equity, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn ìtàgé wà lábẹ́ Local One, àwọn olórin sì wà lábẹ́ Local 802. Kò sí ẹni tó lè ní kí oníná má wá lónìí nítorí pé ìdajì èrò ló ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ti ọtí ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n á ní, "Ṣebí wọ́n ń ta ọtí àti oúnjẹ, kí ló dé tí owó kò tó?" Lábẹ́ àdéhùn tó wọ́pọ̀ ní Broadway, onílé ló ń gba owó ọtí, kì í ṣe eré. Ní ti Cabaret, ATG, ilé-iṣẹ́ onígbọ̀ngàn eré tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbátẹrù pàtàkì, ló tún ní ọwọ́ nínú níní ilé náà. Ẹni tó bá wà ní ipò méjèèjì lè máa rí nǹkan lọ́tùn-ún nígbà tó ń pàdánù lósì. Olókòwò kékeré tó fi 25,000 dọ́là sínú eré kò ní apá ọ̀tún yẹn.

Ìṣirò ọ̀sẹ̀ kan

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, kí ọ̀nà tí nǹkan ń gbà bàjẹ́ lè hàn. Ká ní àga 1,050 ló wà. Tí a bá sọ ọ́ dọ́nà mẹ́jọ, tíkẹ́ẹ̀tì 8,400 ló wà lọ́sẹ̀. Ká ní gbogbo rẹ̀ tà, tí iye ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 200 dọ́là tí a bá pín in dọ́gba. Mílíọ̀nù 1.68 ló wọlé. Ká ní owó ilé, owó òṣìṣẹ́, ìpolówó, owó ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé àti owó gbajúmọ̀ òṣèré jẹ́ mílíọ̀nù 1.1. Èyí tó kù jẹ́ 580,000 dọ́là. Pẹ̀lú iye yẹn, ọ̀sẹ̀ 45 ni yóò gbà láti dá mílíọ̀nù 26 padà, láìsí àga òfìfo kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ náà.

Redmayne, tó bá eré náà wá láti London, bẹ̀rẹ̀ àṣewò, ìyẹn èyí tí wọ́n ń ṣe fún èrò kí wọ́n tó ṣí eré gan-an, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2024, ó sì kúrò ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ 24 nìyẹn. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí ilé tilẹ̀ kún fọ́fọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ohun tó lè dá padà kò pé mílíọ̀nù 14. A jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí mílíọ̀nù 26 ni wọ́n ti nílò kí ẹlòmíràn tó gbajúmọ̀ bíi tirẹ̀ gbé ìdajì tó kù. Ibẹ̀ gan-an ni ẹrù ti wó.

Ká wá ní mẹ́ta nínú mẹ́rin àga ló ń tà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn 6,300, ní 120 dọ́là. 756,000 ló wọlé. Ká gbà pé ìnáwó náà wálẹ̀ sí 950,000 nítorí pé owó òṣèré ńlá ti kúrò níbẹ̀. Gbèsè 194,000 dọ́là lọ́sẹ̀ kan nìyẹn, oṣù méjì péré sì ti jẹ ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ nínú ohun tí wọ́n ti kó jọ. Tí wọ́n bá tilẹ̀ rí 150 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 945,000 ni, kò sì tíì kájú ìnáwó. Àpẹẹrẹ lásán ni o, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló tọ̀: owó tó ń wọlé lọ́sẹ̀ ga nígbà tí Redmayne wà níbẹ̀, nígbà tó sì di ìgbà ooru 2025, ó ti ń já wálẹ̀ kọjá mílíọ̀nù kan. Gbangba ni wọ́n máa ń gbé owó ọ̀sẹ̀ eré Broadway jáde, nítorí náà òǹwòran náà ń rí i pé eré ń rọ, ó sì ń dúró de ẹ̀dínwó.

Pààrọ̀ òṣèré, pààrọ̀ òṣèré

Lẹ́yìn Redmayne àti Gayle Rankin, tó kọ́kọ́ ṣe Sally ní New York, Adam Lambert àti Auli'i Cravalho ló gbà á ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Orville Peck, olórin tó máa ń bo ojú, àti Eva Noblezada dé ní ìparí oṣù Kẹta 2025. Billy Porter àti Marisha Wallace, tí wọ́n ti ṣe é pa pọ̀ ní London, ló gbà á ní oṣù Keje.

Lórí ìwé, ọgbọ́n ni. Eré tí ipa rẹ̀ méjì ń gba gbajúmọ̀ lè máa rí ìròyìn tuntun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n gbogbo pààrọ̀ ló ní owó tirẹ̀: aṣọ tuntun tí wọ́n ń gé mọ́ ara ẹni tuntun, ìgbáradì pẹ̀lú gbogbo òṣèré àti olórin ní ọ̀sán tí wọ́n ṣì ń ṣeré lálẹ́, fọ́tò tuntun, pátákó tuntun, ìpolówó tuntun. Ìpolówó ti tẹ́lẹ̀ sì kú pẹ̀lú ẹni tó wà lórí rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé èrò kọ́ láti béèrè pé "ta ló ń ṣe é báyìí?" kó tó béèrè eré. Ní ìgbà ìrúwé 2025, Denzel Washington wà ní Broadway, George Clooney wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ náwó ńlá lé orí gbajúmọ̀ ti mọ ibi tí yóò ná an sí.

Àwọn lámèyítọ́ New York náà kò ran ọjà náà lọ́wọ́ tó ti London. Ẹnu wọn kò kò. Eré náà rí ìyànsípò mẹ́sàn-án fún àmì ẹ̀yẹ Tony, ti Broadway, ní 2024, ó sì gba ẹyọ kan, èyí tí wọ́n fún Tom Scutt lórí ìṣètò ìtàgé. Merrily We Roll Along ló gba ti eré olórin tí wọ́n gbé padà tó dára jù. Merrily yìí ni kò kọjá ìgbà 16 lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i ní 1981! Nígbà tó padà wá, inú Hudson ni wọ́n gbé e sí, gbọ̀ngàn tí kò gba tó ẹgbẹ̀rún èrò, láìwó ohunkóhun. Daniel Radcliffe, Jonathan Groff àti Lindsay Mendez ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀ ní oṣù Keje 2024. Ó rí ojú owó rẹ̀, ó jèrè, ó sì pa ilẹ̀kùn nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì ṣì wọ́n bí ojú.

Kí ló dé tí London fi dúró?

Kò sí idán níbẹ̀. Playhouse kéré, bí èrò 500 bá dé, ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Owó òṣìṣẹ́ àti owó ìpolówó kò ga tó ti New York. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń tipasẹ̀ owó orí dá apá kan ìnáwó ìgbékalẹ̀ padà fún àwọn agbátẹrù láti 2014. Ìpínlẹ̀ New York náà dá irú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn COVID, ṣùgbọ́n kò lè kọjá mílíọ̀nù 3 dọ́là fún eré kan, kí ni mílíọ̀nù 3 lójú 26? Paríparí rẹ̀, àtúnṣe ilé tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan ní London ti pín kárí ọ̀sẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200. Ní New York, ọ̀sẹ̀ tí kò pé 80 ló ru gbogbo rẹ̀.

Ìdè kan tún wà tí wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Eré Broadway tí owó rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ lè kó lọ sí gbọ̀ngàn kékeré, bí àwọn alárìnjò tiwa ṣe máa ń di ẹrù lọ sí ìlú mìíràn nígbà tí èrò bá tán níbi tí wọ́n wà. Cabaret ti 2024 kò lè ṣí nídìí. Ilé gan-an ni eré. Bí wọ́n bá fẹ́ kó lọ, wọ́n á tún ibòmíràn wó, wọ́n á tún un kọ́. Wọn kò sì lè gé ijó àti orin ibi ọtí kúrò láti dín ìnáwó kù, nítorí pé òun ni wọ́n ti polówó fún gbogbo ayé. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò bá a níbẹ̀ á béèrè owó rẹ̀.

Kì í ṣe pé eré tó yàtọ̀ kò lè rọ̀ṣọ̀mù. Oklahoma! tí Daniel Fish darí, tó gba Tony ní 2019, wà nínú Circle in the Square, tí kò gba tó 800 èrò. Olórin méje ló lò. Wọ́n fi iná gbọ̀ngàn sílẹ̀ ní títàn lórí èrò fún ọ̀pọ̀ àkókò, nígbà ìsinmi wọ́n sì bu ọbẹ̀ ẹ̀wà aláta àti búrẹ́dì àgbàdo fún àwọn òǹwòran láti inú ìkòkò iná mànàmáná tó ti wà lórí tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀. Èrò kó sínú ìtàn náà bí wọ́n ṣe kó sínú Cabaret, ìkòkò ọbẹ̀ àti gílóòbù kò sì gba mílíọ̀nù kankan.

Bí ó ṣe parí

Àwọn agbátẹrù kọ́kọ́ kéde pé ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 2025 ni eré náà yóò parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, àìsàn líle mú Billy Porter kúrò lórí ìtàgé. Marty Lauter àti David Merino, tí wọ́n ti ń dúró fún ipa náà, ni wọ́n fi dí i, wọ́n sì fa ọjọ́ ìparí wá sí 21 oṣù Kẹsàn-án. Àìsàn kọ́ ló pa eré náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ó fi hàn bí okùn tó so ó rọ̀ ṣe tín-ín-rín tó: nígbà tí orúkọ kan kúrò lórí pátákó, kò sí ìdí láti ná owó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i.

Ìnáwó kan ṣì kù lẹ́yìn tí èrò ìkẹyìn lọ ilé. Àdéhùn gbọ̀ngàn Broadway sábà máa ń béèrè pé kí eré tó yí ilé padà dá a padà sí bó ṣe bá a. Ìtàgé róbótó gbọ́dọ̀ jáde, tábìlì gbọ́dọ̀ jáde, ibi ọtí tí wọ́n kọ́ gbọ́dọ̀ wó, kí wọ́n sì to àga padà ní ìlà, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tó ń gba owó wákàtí. Ẹni tó bá ń ṣètò ìnáwó irú eré báyìí ní láti ti ya owó yẹn sọ́tọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, sínú àpótí tí kò ní fọwọ́ kàn nígbà tí ọ̀sẹ̀ burúkú bá dé.